Fídíò Wáàsí Tí A Fẹ́ Yí Padà: Ṣé Àpò Ni, Àbí Ìrẹsì Inú Rẹ̀?



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Wọn yóò ní, kí ni ó kan àlùfáà ilé-kéwú nínú ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yí fídíò padà láti oríṣi kan sí òmíràn? Ó kàn mí púpọ̀. Mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ nù kì í ṣe tèmi nìkan. Ti ìjọ ni.

Ní Imota níbí, olùkọ́ mi, kí Ọlọ́hun forí jì í, ṣe tàfúsírù ní oṣù ààwẹ̀ ọdún 2007. Ìjọ dá owó jọ, wọ́n pe oníkámẹ́rà, ó sì ṣe iṣẹ́ náà sí orí VCD 11. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ẹ̀rọ tí ń lo àwo yìí. Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀, ẹ ó rí àwọn tí ń tà á lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Lónìí, ẹ̀rọ náà ti di ohun tí a ń wá kiri, fóònù ni tọmọdé tàgbà fi ń wo wáàsí. Nítorí náà ni ìjọ ṣe kó àwọn àwo náà fún mi pé kí n bá wọn sọ ọ́ di ohun tí fóònù lè gbà.

Mo kó wọn lọ sí ìsọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìkòròdú. N kò bèèrè ohun tí yóò fi ṣe é, n kò sì ní kí ó kọ́kọ́ ṣe díẹ̀ kí n rí i. Mo sanwó, mo sì padà lọ gba fláàṣì ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí a kí ìrun Íṣáì tán, tí a ṣí i, ojú ti gbogbo wa. Orúkọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan wà gàdàgbà lójú olùkọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú àwọn àwo náà tí ó parí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn, ó gé. Mo padà lọ láti gba àwọn àwo wa, 9 ni ó rí. Méjì ti sọ nù láàárín ẹrù ìsọ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni èyí tí olùkọ́ mi ti ṣàlàyé bí a ti ń pín ogún, èyí tí àwọn ènìyàn ń bèèrè jù lọ.

N kò lè di ẹ̀bi náà ru ọmọ náà nìkan. Èmi ni a fi àmáánà lé lọ́wọ́, èmi ni mo sì gbé e fún ẹlòmíràn láìwádìí.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ó là mí lójú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ètò tí ó lò yẹn, ẹ̀dà ìtọ́wò ni. Àwọn tí ń tà á kì í jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ parí fún ẹni tí kò tíì sanwó, wọ́n á sì tẹ orúkọ wọn sí i lójú. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ti ètò, kí ni ẹ fẹ́ yí padà gan-an? Ṣé àpò rẹ̀ ni, àbí ohun tí ó wà nínú àpò?"

Mo ní kò yé mi. Ó wá fi ìrẹsì ṣàlàyé. Gbogbo wa ni a mọ ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ sí Imota wa yìí, tí wọ́n ṣí ní January 2023, tí a ní ó lágbára láti ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Bí ẹnì kan bá da ìrẹsì láti inú àpò funfun sínú àpò aláwọ̀ ewé, ìrẹsì náà ni ìrẹsì náà. Hóró kan kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e lọ sí ẹ̀rọ, tí ó lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun kò lè padà di hóró mọ́ láéláé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fídíò rí. AVI, tí ó ti wà láti 1992, MKV, MOV àti MP4, àpò ni gbogbo wọn. Àwòrán àti ohùn tí a fún pọ̀ ni ìrẹsì inú wọn. Oríṣi tí ó wà nínú VCD ni a ń pè ní MPEG-1, ti DVD ni MPEG-2, èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù mọ̀ jù lọ sì ni H.264, tí wọ́n gbé jáde ní 2003. Ìgbàkúùgbà tí a bá tún àwòrán fún pọ̀ láti oríṣi kan sí òmíràn, díẹ̀ nínú ẹwà rẹ̀ a máa lọ, kì í sì í padà. Ẹni tí ó bá yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìnídìí ti lọ ìrẹsì ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí á to iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ.

Ìkínní, ẹ wò ó bóyá kò tilẹ̀ yẹ kí ẹ yí ohunkóhun padà. Bí fóònù bá kọ fídíò kan, ẹ kọ́kọ́ fi VLC sí orí fóònù náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1996, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ka oríṣiríṣi fídíò tí ètò inú fóònù fúnra rẹ̀ kì í kà. Mo ti rí ẹni tí ó fẹ́ sanwó yíyí, tí VLC sì ṣí fídíò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìkejì, bí ó bá jẹ́ àpò nìkan ni kò bá fóònù mu, ẹ pààrọ̀ àpò, ẹ má lọ ìrẹsì. FFmpeg ni ètò tí ó mọ iṣẹ́ yìí jù. Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000. Kò ní bọ́tìnì tí a ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ ni a ń kọ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Bí fáìlì bá jẹ́ waasi.mkv, tí ohun inú rẹ̀ sì jẹ́ H.264, ẹ kọ ọ́ báyìí:

ffmpeg -i waasi.mkv -c copy waasi.mp4

Ọ̀rọ̀ "copy" yẹn ni ó sọ fún un pé kí ó má fọwọ́ kan ìrẹsì. Iṣẹ́ tí ìbá gba wákàtí kan lè parí kí ènìyàn tó ṣe àlùwàlá tán.

Ìkẹta, bí ó bá jẹ́ VCD tàbí DVD, kò sí ọgbọ́n, a ní láti lọ ìrẹsì, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù kò mọ MPEG-1 àti MPEG-2. Ẹ kọ́kọ́ da ohun inú àwo sí orí kọ̀ǹpútà. Nínú VCD, ẹ ó rí àpò-ìwé kan tí ń jẹ́ MPEGAV, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí DAT sì ni fídíò náà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó lo HandBrake. Láti 2003 ni ó ti wà, ọ̀fẹ́ ni, kì í tẹ orúkọ rẹ̀ sójú ẹnikẹ́ni, kì í sì í gé ọ̀rọ̀. Ẹ yan MP4, ẹ yan H.264. H.265 a máa dín ìwọ̀n fáìlì kù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ tí àwọn ìyá wa ń lò lọ́jà kò mọ̀ ọ́n. Níbi tí wọ́n kọ RF sí, 18 sí 22 ni àwọn tí ó ṣe é fi gba ènìyàn nímọ̀ràn fún irú àwòrán kékeré yìí. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni àwòrán yóò ti dára tó, tí fáìlì yóò sì tóbi tó. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì dán an wò ná, kí ẹ wò ó, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ tó ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò sọ VCD di HD. Àmì wínníwínní 352 ní ìbú àti 288 ní òró ni àwòrán VCD tiwa ní, ti HD kíkún jẹ́ 1920 àti 1080, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po 20. A lè na aṣọ, ṣùgbọ́n nínà kò fi òwú kún un.

Ìkẹrin, ẹ ṣọ́ra fún ibi tí ẹ ti ń mú ètò. Ní May 2017, àwọn ọ̀daràn wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń gba HandBrake, wọ́n fi ètò olè rọ́pò ti kọ̀ǹpútà Mac níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí wọn. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé onílé fúnra rẹ̀, kí ni a ó sọ nípa èyí tí a gbà ní títì? Ilé HandBrake ni handbrake.fr, ti VLC ni videolan.org, ti FFmpeg ni ffmpeg.org.

Àwọn ibòmíràn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò ní kí o fi fídíò ránṣẹ́, àwọn yóò sì yí i fún ọ. Ẹ rántí pé dátà ni ẹ ó fi gbé e lọ tí ẹ ó sì fi gbé e bọ̀. Ẹ sì tún rántí ẹni tí ó wà nínú fídíò náà. Fídíò ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, tàbí wòlímọ̀ ọmọ yín nínú ilé, kì í ṣe ohun tí a ń gbé fún àjèjì tí a kò mọ ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi wáàsí sí fóònù fún àwọn oníbàárà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Pé ètò jẹ́ ọ̀fẹ́ kò sọ iṣẹ́ oníṣẹ́ di ọ̀fẹ́.

Àwo 9 tí ó kù ti di MP4 báyìí. A kò sọ àwọn àwo náà nù, a sì ní ẹ̀dà kan ní mọ́ṣáláṣí àti òmíràn nílé Lèmọ́mù, kí iná tàbí olè má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwo méjì náà ṣì ń dùn mí. Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ẹni tí ó ra tàfúsírù ìjọ wa ní ọdún náà, ní Imota, ní Agbówà, ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, kí ó bá mi wo abẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti inú àpótí àtijọ́. Bí ẹ bá rí èyí tí ó sọ̀rọ̀ nípa ogún, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni kí ó yí i padà. Ẹ mú un wá bí ó ti wà.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè ṣọ́ ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa. Àmín.