Ta Ni Ó Lè Wòran? Tẹlifíṣọ̀n àti Ìwòran Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin tẹlifíṣọ̀n tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ àti eré tí à ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò bèèrè èyí tí ó dùn jù. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣílẹ̀kùn fún?

Ní ọdún 1953, Macpherson tí ó jẹ́ gómìnà Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìjọba, ó sì bá ẹgbẹ́ Action Group wí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bèèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò fún un. Nígbà tí òfin gba àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Àìríbi-sọ̀rọ̀ wà lára ohun tí ó bí tẹlifíṣọ̀n wa.

Ìgbì tí òpó tẹlifíṣọ̀n ń tàn ká kì í ka iye ẹni tí ń gbà á. Bí ilé kan ni ó tan ẹ̀rọ, bí ẹgbàárùn-ún ilé ni, ìnáwó òpó náà kò yí padà. Ìdí nìyí tí odidi agboolé fi lè jókòó síwájú ẹ̀rọ kan ṣoṣo láti wo Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí, tí ọmọ aládùúgbò yóò sì tún fara ti fèrèsé lóde. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti kọjá, ó kọjá náà nìyẹn. Ẹni tí kò tíì ti ọjà dé, tàbí ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ mọ́ lójú, ti pàdánù.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà eré ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ó ti ń wò ó. Eré a máa dúró de ènìyàn, ṣùgbọ́n dátà ni owó ibodè rẹ̀. Netflix, tí ó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2016, sọ pé wákàtí kan lè gba tó gígábáìtì 1, bí àwòrán bá sì mọ́lẹ̀ kedere, ó lè tó 3. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn. Tẹlifíṣọ̀n náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá o; ẹ bi ẹni tí ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ léèrè.

Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó dá tẹlifíṣọ̀n láre. Ṣùgbọ́n afọ́jú àti adití ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn adití pe Netflix lẹ́jọ́ ní ọdún 2011. Ní 2012 ilé-iṣẹ́ náà gbà láti kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ gbogbo eré rẹ̀ kí ọdún 2014 tó parí. Ní 2015, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn tí ń ṣàpèjúwe ìṣe àwọn òṣèré kún eré fún àwọn tí kò ríran. Daredevil ni ó fi bẹ̀rẹ̀, eré tí akọni inú rẹ̀ gan-an jẹ́ afọ́jú. Àǹfààní wọ̀nyí kò ṣàdédé wá. Àwọn tí a tì sóde ni wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Nílé, Andrew Foster, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ọdún tí ó tẹ̀lé ìbẹ̀rẹ̀ WNTV. Èdè ọwọ́ tí ó tan mọ́ ti Amẹ́ríkà ni ó mú wá. Nítorí náà, bí eré Yorùbá bí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan (2022) bá ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, àjèjì ni a kọ́kọ́ rò. Adití ọmọ Yorùbá a máa gba ẹ̀yìn àjèjì wọlé.

Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 2019. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n tuntun, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ní Jọs ní 2016, lè gbé ọ̀rọ̀ kíkọ àti ohùn kejì pa pọ̀ mọ́ àwòrán, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì. Kò sí dátà nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò jókòó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, àti ilé-iṣẹ́ tí yóò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.