Ọ̀nà Kan, Ẹrù Méjì: Àlàyé lórí Bí Wáyà Ethernet Ṣe Di Ọ̀nà Àká Dátà

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ló ti kó ohùn oríkì, ìjálá àti ẹkún ìyàwó tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀ nínú wa ló ń bèèrè ibi tí ohùn náà ń gbé gan-an. Inú ibùdó dátà ló ń gbé, ìyẹn ilé tí a to àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń pè ní sáfà sí, pẹ̀lú àkójọ díìsìkì tí dátà wà lórí wọn. Àká ni a ó pe àkójọ díìsìkì yìí nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú àká kí ó lè padà wá bù ú ni sáfà ń kó dátà síbẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ibùdó, àká kì í sí nínú sáfà. Orí wáyà ni sáfà ń gbà dé ibẹ̀. Èròǹgbà wa ni láti ṣàlàyé bí a ṣe sọ wáyà Ethernet, tí a kò ṣe nítorí irú iṣẹ́ yìí, di ọ̀nà àká. Ìbéèrè kan ló wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà: bí ẹrù bá sọnù lójú ọ̀nà, ta ni yóò dáhùn fún un, ṣé ọ̀nà ni àbí ẹni tó rán ẹrù?

Ìwà ọ̀nà méjèèjì

Ọdún 1973 ni Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ Ethernet ní ibùdó ìwádìí Xerox PARC ní Kalifọ́níà. Ìdì kéékèèké ni Ethernet ń di dátà sí. Bí ìdì bá pọ̀ ju èyí tí switch, ẹ̀rọ tó dúró ní oríta àwọn wáyà, lè gbà lọ, switch yóò da àjùlọ nù. Èyí kì í ṣe àléébù. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni. TCP, ìlànà tó wà lókè rẹ̀, ló ń ka àwọn ìdì, tó ń mọ èyí tí kò dé, tó sì ń tún un rán.

Ọ̀tọ̀ ni ìwà Fibre Channel, ọ̀nà tí a dìídì là fún àká, tí a fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀ ní ọdún 1994. Níbẹ̀, ẹni tó ń gba ẹrù ni yóò kọ́kọ́ sọ iye àyè tó ní. Bí àyè bá jẹ́ 8, ìdì 8 péré ni a lè rán sí i. Ó di ìgbà tó bá dá àmì àyè kan padà kí ìkẹsàn-án tó lọ. Nítorí náà, àpọ̀jù kì í mú kí a da ìdì nù.

SCSI, èdè tí sáfà fi ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, gbára lé ìwà yìí. Bí ìdì kan bá sọnù, kò sí TCP tí yóò tètè fura; SCSI yóò máa dúró títí àkókò tí a dá fún un yóò fi pé. Lórí Linux, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni àkókò náà bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Ìdúró gígùn gbáà ni ìyẹn fún ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Títọ́jú ọ̀nà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń béèrè oríṣi káàdì méjì nínú sáfà, oríṣi switch méjì, àti òṣìṣẹ́ tó mọ èdè méjèèjì. Nígbà tí Ethernet tó ń gbé gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti wọ́pọ̀, àwọn onímọ̀ rí i pé wáyà kan lè gba ẹrù méjèèjì.

Ìdáhùn àkọ́kọ́: kí ọ̀nà fúnra rẹ̀ dáhùn

Ní ọdún 2009, ìgbìmọ̀ T11 ní Amẹ́ríkà parí iṣẹ́ lórí ìlànà FCoE, èyí tó gbé Fibre Channel gun orí Ethernet. Odidi ìdì Fibre Channel ni a ń gbé sínú ìdì Ethernet láìtú u. Dátà inú ìdì Fibre Channel lè tó baìtì 2112, bẹ́ẹ̀ sì ni 1500 ni Ethernet sábà ń gbà; nítorí náà, a ní láti fẹ ìdì Ethernet lójú ọ̀nà náà.

Ṣùgbọ́n dídì nìkan kò tó. A ní láti kọ́ Ethernet kí ó má da ẹrù àká nù. Àṣẹ ìdádúró kan ti wà nínú Ethernet láti ọdún 1997, àmọ́ gbogbo ohun tó wà lórí wáyà ló ń dá dúró pọ̀. IEEE wá gbé ìlànà 802.1Qbb jáde. Ó pín ẹrù orí wáyà sí ọ̀wọ́ 8, ó sì lè dá ọ̀wọ́ kan dúró kí 7 yòókù máa lọ. Ìlànà 802.1Qaz ní tirẹ̀ ń pín agbára wáyà láàárín àwọn ọ̀wọ́. Bí ọ̀wọ́ kan kò bá lo ìpín rẹ̀ tán, òmíràn lè lò ó.

Ìdáhùn yìí ní ohun tó ń ná ni. Bí agbẹrù kan bá ń lọ́ra, switch tó wà níwájú rẹ̀ yóò kún, yóò sì dá èyí tó wà lẹ́yìn dúró. Ìyẹn náà yóò kún. Ẹrù aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tó wà nínú ọ̀wọ́ kan náà yóò sì há sínú ìdúró tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo switch tó wà lójú ọ̀nà ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìlànà náà. Yàtọ̀ sí èyí, ìdì FCoE kò ní àdírẹ́sì IP, nítorí náà kò lè dá gba àwọn ọ̀nà IP kọjá lọ sí ìlú mìíràn.

Ìdáhùn kejì: kí ẹni tó rán ẹrù dáhùn

Ìlànà iSCSI, tó jáde ní ọdún 2004, gba ọ̀nà mìíràn. Inú TCP ló kó àṣẹ SCSI sí. Bí switch bá da ìdì nù, TCP yóò tún un rán kí SCSI tó mọ̀ rárá. Switch lásán tó fún un, IP sì lè gbé e jìnnà. Ohun tí èyí ń ná ni ni iṣẹ́ tí TCP ń fún sáfà ṣe, àti ìfàsẹ́yìn nígbàkúùgbà tí ọ̀nà bá kún.

Àgbálọgbábọ̀

FCoE kò lé Fibre Channel jáde. Àárín sáfà àti switch àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ibùdó tó gbà á ti lò ó. Ìbéèrè náà kò sì tíì tán. Nígbà tí ìlànà NVMe fún àwọn díìsìkì ayára bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí wáyà, ọ̀nà tó yàn ju ẹyọ kan lọ: ó ń gba Fibre Channel, ó ń gba Ethernet tí a kọ́ láti má da ẹrù nù, ó sì ń gba TCP lásán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nítorí náà, kò tó kí ẹni tó fẹ́ fi àkójọ ohùn àwọn baba wa sínú ibùdó dátà bèèrè bí àká ti tóbi tó. Kí ó bèèrè ọ̀nà tí à ń gbà dé ibẹ̀, àti ẹni tí ọrùn rẹ̀ wà lábẹ́ ẹrù bí ọ̀nà bá kún.