Olíkóyè Ransome-Kuti: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ìlera ará oko ṣíwájú

Àwọn ìyá tó tọ́mọ ní apá ìparí ọdún 1980 sí 1990, yálà ní Ibiade ni o, ní Abigi tàbí ní Ìwòpin, kò ní ṣàì rántí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń polongo rẹ̀ kiri. Omi tó mọ́, tó kún ìgò bíà ńlá kan tàbí ìgò mínírà méjì. Kóró ṣúgà márùn-ún. Iyọ̀ ìwọ̀n ṣíbí ìpo-tíì kan tí wọ́n rẹ́ orí rẹ̀ dọ́gba. Òun ni wọ́n ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru mu, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Lónìí, ORS inú ọ̀rá tí wọ́n ń fún ni ní sẹ́ńtà ló ti gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ tí ìgò bíà yẹn dóòlà kò kéré.

Ẹni tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti. Ẹ̀gbá ni ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927, nítorí pé bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíráámà Ìjẹ̀bú-Òde lákòókò náà. Bàbá yìí kan náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà, NUT. Ìyá rẹ̀ ni Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, akíkanjú obìnrin tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí. Fẹlá olórin àti Dókítà Bẹ́kọ́, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, ni àbúrò rẹ̀.

Lẹ́yìn tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà Abẹ́òkúta, ó lọ sí Yaba Higher College, kó tó ré kọjá sí Trinity College ní ìlú Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ìwòsàn ọmọdé ló yàn láàyò. Nígbà tó padà wálé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, ó sì ń tọ́jú ọmọ ní LUTH tó wà ní Ìdí-Àrábà.

Ọ̀pọ̀ àrùn tó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ nílẹ̀ wa nígbà náà kì í ṣe àrùn abàmì. Ìgbẹ́ gbuuru ni, èèyi ni, ibà ni, àìjẹunrekánú ni. Sẹ́ńtà kékeré tó wà nítòsí ilé lè kápá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ńlá tó wà nígboro ló ń gbé owó ìjọba mì, nígbà tí ará oko ń gbé ọmọ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹ̀pa kò sì ní bóró mọ́ kí wọ́n tó dé. Lọ́dún 1978, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò ní Alma-Ata, ní Soviet Union àtijọ́, pé ètò ìlera alábọ́ọ́dé ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn.

Àyè láti fi í ṣèwà hù yọ lọ́dún 1985, nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida yàn án ní mínísítà. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Lọ́dún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá, wọ́n ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé, ìyá náà sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kódà, inú ẹ̀wọ̀n ni Fẹlá wà lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di mínísítà. Ọdún 1986 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Báwo ni ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lè bá ìjọba ológun ṣiṣẹ́? Títí dòní ni àwọn kan ń bèèrè. Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ni a lè fi wọn ìdáhùn.

Lọ́dún 1986, ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Lọ́dún 1988, ìlànà ètò ìlera fún gbogbo orílẹ̀-èdè jáde: ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa bójú tó sẹ́ńtà, ìpínlẹ̀ yóò mójú tó ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà, ìjọba àpapọ̀ yóò sì dojú kọ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lòdì sí àrùn mẹ́fà, tí èèyi, ikọ́ fée àti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í dé abúlé. Lọ́dún 1990, òfin jáde pé kí ènìyàn má mu sìgá ní àwọn ibi tí èrò ń pọ̀ sí.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dán. Ìjọba kéde pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dún 1990, ṣùgbọ́n ìwádìí ojúlé dé ojúlé tọdún náà bá ìdá 30 péré tó gba gbogbo rẹ̀ pé. Àkókò SAP náà ni, owó náírà já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà sì sá lọ sókè òkun.

Ó fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje, ṣùgbọ́n kò fi òtítọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Fẹlá kú nínú oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, òun ló kó àwọn oníròyìn jọ, tó sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Nígbà náà, ìtìjú ńlá ni àrùn yìí jẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ń fi bò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé irọ́ ni éèdì ló tún inú rò.

Ìlú London ni ọlọ́jọ́ dé bá a ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2003. Lọ́dún náà gan-an, ìwádìí mìíràn fi hàn pé àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ pé ní Nàìjíríà ti já wálẹ̀ sí ìdá 13. Nígbà tó fi máa di ọdún 2018, ó gòkè dé ìdá 31, èyí tó túmọ̀ sí pé ọdún 28 la fi padà sí ibi tí a wà lọ́dún 1990.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa nìyí. Ilé sẹ́ńtà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dá dúró. Nọ́ọ̀sì, oògùn àti ẹ̀rọ amóhun-tutù tí abẹ́rẹ́ ń wà nínú rẹ̀ ló ń mú un dúró. Òfin ètò ìlera tọdún 2014 sọ pé ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ètò ìlera tó pọn dandan, tí sẹ́ńtà wọ̀nyí sì ní ìpín nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí kánsẹ́lọ̀ bá tún dé láti wá tọrọ ìbò, kí ẹ̀yin àgbà ìlú bi í léèrè: nọ́ọ̀sì mélòó ló wà ní sẹ́ńtà wa, ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ sì dé kẹ́yìn? Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.