Ẹ Mọ Irú Ẹ̀jẹ̀ Yín Kí Ìdána Tó Wáyé

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe àbíkú, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Lára bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á dí iṣan, egungun á sì máa ro ọmọ.

Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le koko. Síbẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. AS àti AC náà lè bí SC.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní électrophorèse ló ń fi í hàn. Ọmọ tó bá ti ní in, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kó máa mu omi dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ ẹ́. Pẹ̀lú ìtọ́jú, ó lè dàgbà.