Yímíyímí, Kòkòrò Tí Ń Tún Ilẹ̀ Ṣe

Nínú gbogbo kòkòrò tí ń rìn lórí ilẹ̀ wa, díẹ̀ ni èyí tí a ń kẹ́gàn tó yímíyímí. Orúkọ rẹ̀ pàápàá sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń yí imí. Ọmọdé a máa fi ṣe ẹ̀sín, àgbà a sì máa tutọ́ bí ó bá rí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, pápá tí ẹran ń jẹ̀ ì bá ti kún fún ìgbẹ́, eṣinṣin ì bá sì pọ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irú kan ṣoṣo ni. Àwọn amòye ti ka irú rẹ̀ tí ó lé ní 5,000 ní gbogbo ayé. Òmíràn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Òmíràn, bí irú èyí tí ń tẹ̀lé erin, fẹ́rẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń dán bí bàbà, akọ òmíràn sì ní ìwo lórí. Àwọn kan a gé lára ìgbẹ́, wọn a mọ ọ́n rogodo, wọn a sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tì í lọ, orí wọn ní ìsàlẹ̀. Àwọn tí ó pọ̀ jù kì í yí nǹkan rárá: abẹ́ ìgbẹ́ náà gan-an ni wọn a gbẹ́ ihò sí, wọn a sì máa fa oúnjẹ wọlé. Àwọn ìyókù a jókòó sínú ìgbẹ́ títí yóò fi gbẹ. Nítorí náà, orúkọ tí a fi ń pè wọ́n, díẹ̀ nínú wọn ni ó yẹ ní tòótọ́.

Orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọkọ́, ẹsẹ̀ iwájú wọn sì ní eyín bí ayùn. Ohun èlò àgbẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá fi fún wọn. Abo a kó ìgbẹ́ sínú ihò, a mọ ọ́n rogodo, a yé ẹyin kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì dí i. Ìdin tí ó bá jáde nínú ẹyin a máa jẹ ilé rẹ̀ láti inú, títí yóò fi di kòkòrò pípé. Nígbà tí òjò bá mú ilẹ̀ rọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ a jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń rí wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ṣọ̀wọ́n ní ìgbà ọyẹ́.

Ẹni tí ó bá ti wo èyí tí ń yí rogodo yóò ti rí i pé ó ń lọ tààrà. Kì í ṣe láìnídìí: bí ó bá yí padà sí ibi ìgbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn ni ó fi ń mọ ọ̀nà ní ọ̀sán, òṣùpá ní òru. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé ní òru tí kò sí òṣùpá, irú kan ní Gúúsù Áfíríkà a máa fi ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun tí ó la ojú ọ̀run já mọ ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n fi páálí kékeré ṣe fìlà dé e, kí ó má lè rí òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn kiri bí ẹni tí ó sọnù.

Ibùgbé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àwọn tí ń gbé inú ẹgàn, níbi tí òjìji pọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, kì í sábà jáde sí gbangba. Àwọn ti ọ̀dàn ni oòrùn kì í dẹ́rù bà. Bí a bá gé igbó, tí a sì sọ ọ́ di oko ẹ̀gẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará igbó ni yóò lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ará ọ̀dàn ni yóò sì gba ipò wọn. Inú igbó, ìgbẹ́ ọ̀bọ, ẹtu àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni oúnjẹ wọn. Lórí ọ̀dàn, ti ẹfọ̀n àti ti màlúù. Ní igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ṣì wà, irú ibẹ̀ sì ni àwọn ńlá tí ń sin ìgbẹ́ erin ti lè rí oúnjẹ. Níbi tí ọdẹ bá ti pa ẹran tán, oúnjẹ wọn tán pẹ̀lú. Igi pàápàá a pàdánù, nítorí hóró èso tí ọ̀bọ gbé mì tí ó sì yà jáde, àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ń sin ín, tí eku kì í fi í jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ilẹ̀ kan tí ó fi owó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni Ọsirélíà. Ní 1788 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kó màlúù dé ibẹ̀. Ìgbẹ́ kaǹgarú, tí ó gbẹ tí ó sì le, ni àwọn kòkòrò ibẹ̀ mọ̀; ti màlúù kò bá wọn lára mu. Ìgbẹ́ sùn sórí pápá fún oṣù púpọ̀, koríko kò hù lábẹ́ rẹ̀, eṣinṣin sì gbilẹ̀. George Bornemissza, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, ni ó dámọ̀ràn pé kí a mú yímíyímí wá láti òkèèrè. Ẹyin ni wọ́n ń kó láti Áfíríkà, wọ́n á fi oògùn wẹ̀ ẹ́ kí àrùn ẹran má bàa bá a wọ ìlú. Láti 1968 ni wọ́n ti ń tú wọn sílẹ̀ lórí pápá, irú tí ó lé ní 20 ni ó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí àwọn náwó lé lórí tó bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni a ní in.

Ní ti ìlera, ìgbẹ́ tí a bá sin kíákíá kì í jẹ́ kí eṣinṣin rí ibi yé ẹyin sí púpọ̀, aràn kì í sì í rọrùn láti dé orí koríko tí ẹran ń jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí pa ṣálángá tì. Aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ajá jẹ yímíyímí, nítorí irú aràn kan a máa ti ara rẹ̀ wọ ajá, a sì ta kókó sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ̀yin olùsìn màlúù ni ọ̀rọ̀ kù sí. Oògùn aràn tí a ń pè ní ivermectin, tí ó ti wà fún ẹran láti 1981, dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bá ìgbẹ́ jáde fún ọjọ́ púpọ̀, ìdin yímíyímí tí ó bá sì jẹ ẹ́ a kú. Bí a bá fún gbogbo agbo ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àwọn ọmọ ọdún náà lè ṣègbé. Ẹran tí ó nílò rẹ̀ ni kí dókítà ẹran yàn, kí a fi ìyókù sílẹ̀. Ìgbẹ́ àwọn wọ̀nyí ni yóò tọ́ ìdin dàgbà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí tiyín ti rí, ẹ fi igi tú ìgbẹ́ màlúù ọlọ́jọ́ méjì ní oṣù Karùn-ún. Bí ó bá kún fún ihò, tí erùpẹ̀ tuntun sì yí i ká, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wà ní odindi, tí kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀, ẹ bi ẹni tí ń tọ́jú agbo yín léèrè irú oògùn tí ó lò kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí ó lò ó.