Ìdajì Orúkọ Tí Wọn Kì Í Pè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, tí àwọn ará àdúgbò bá ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, "fòníkú" ni wọ́n máa ń pè mí. Orúkọ àìsàn tó ń ṣe mí gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹnu wọn kì í dé ìdajì kejì. Èmi ni mo máa ń parí rẹ̀ nínú mi, lórí ẹní.

Mo ti pé ọdún 46 báyìí. Aṣọ ni mò ń rán. Kí wọ́n tó bí mi, Màámi ti sin ọmọ méjì, ìyá bàbá mi sì sọ mí ní Málọmọ́, torí àbíkú ni wọ́n ka àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Mi ò bínú sí wọn. Ọdún 1910 ni Dókítà James Herrick ti Chicago kọ̀wé nípa àìsàn yìí. Àwọn ìyá wa ti ń sin ọmọ tipẹ́ kí ọdún náà tó dé.

Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí dókítà kan ya àwòrán àìsàn náà fún mi sẹ́yìn káàdì. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹlòmíràn rí rogodo, ó sì rọ̀. Tèmi, bó bá ti já afẹ́fẹ́ tó gbé sílẹ̀, a tẹ̀ bíi dòjé, a sì le, kò ní lè gba inú iṣan tóóró kọjá. Bí òwú tó lọ́ pọ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ni: ibi tó bá ti dí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti ẹlòmíràn a máa lo nǹkan bí ọjọ́ 120 nínú ara, tèmi kì í sábà ju 20 lọ, ni ojú mi fi máa ń pọ́n. AS ni jẹ́nótáìpù Bàbá mi, AS ni ti Màámi. Irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SS. Kò sí ọwọ́ àjẹ́ níbẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ń rí ìgboyà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ike omi ni, súwẹ́tà ni, fólíkì ásíìdì lójoojúmọ́, Paludrine nítorí ibà, àti hydroxyurea tí mò ń torí rẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí kíráísìsì bá sì dé, ẹni tí egungun ń ro kì í ronú nípa ọdún tó ń bọ̀. Bí agogo méjì òru yóò ṣe di mẹ́ta ló ń rò. Màámi mọ èyí. Kò sọ fún mi rí pé yóò dára. Á rẹ aṣọ inura sínú omi gbígbóná, á fún un, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lórúnkún, á ní, "Málọmọ́, a dé agogo méjì o." Bó bá di mẹ́ta, á tún sọ.

Ní 2009, ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun itan mi òsì mọ́, egungun náà sì kú. Mi ò lè tẹ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mọ́. Ní ilé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì sọ lójú mi pé abẹ́rẹ́ ìrora ti di ọtí fún mi. Oṣù yẹn kan náà ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lọ kíníìkì kú. Mo kọjú sí ògiri. Pásítọ̀ wá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Ọ̀rọ̀ wọn dára, kò wọlé.

Oníbàárà mi kan ló gbé bùbá aṣọ ẹbí wá. Kò bá mi dárò.

"Àǹtí Télọ̀, ẹ bá mi ṣẹ́tí èyí. Sátidé ni ìnáwó."

Mo ní ṣé kò rí mi ni. Ó ní òun rí ọwọ́ mi, kò sì sóhun tó ṣe é. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wákàtí kan, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, ó sì tún wọ́. Nígbà tó padà dé, ó dúnàádúrà! Ó ní owó náà ti pọ̀ jù. Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi tó ń ta kò ó, mo ń bá a jà bí ẹni tó fẹ́ jẹun lọ́la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò ti gbọ́ ohùn yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo pààrọ̀ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ sí ọlọ́wọ́. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Ìrora ṣì ń wá.

Ọmọ ọdún 15 kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, SS lòun náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí bóyá ọmọ náà á dàgbà. Mo sọ ọjọ́ orí mi fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kíráísìsì gbé ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù. A ti fún un lóògùn, a ti pe bàbá rẹ̀ kó gbé ọkọ̀ wá, ṣùgbọ́n òjò dá a dúró lọ́nà. Ọmọ náà ń mì, ó di ìka mi mú gírígírí. Mo wo aago ara ògiri.

"A dé agogo mẹ́rin o," ni mo wí.