Bíbélì Ọ̀fẹ́ fún Ará Ẹ̀wọ̀n

Tí àwa obìnrin ìjọ ní Ògbóòrò bá ń dá owó Bíbélì fún ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní Ọ̀yọ́, àwọn kan á ní kí ni ọ̀daràn fẹ́ fi ṣe. Inú mi kì í dùn sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń retí, nígbà mìíràn fún ọdún púpọ̀.

Ẹgbẹ́ Gídíónì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1899, ti mú Bíbélì ọ̀fẹ́ dé òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn àti ẹ̀wọ̀n káàkiri ayé. Ní tèmi, Yorùbá onílẹ́tà gàdàgbà ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, nítorí iná yàrá ẹ̀wọ̀n kì í mọ́lẹ̀ tó, ojú àgbà kì í sì í gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á sókè fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Òkè-Ògùn gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀ṣoògùn, lápá Ìṣẹ́yìn níbí, ni wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, tòun ti okùn lọ́rùn. Sàró ló ti kàwé lẹ́yìn tó gba òmìnira, òun ló sì ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ tó di odindi Bíbélì Yorùbá ní 1884. Ẹni tí wọ́n ti dè rí ló ṣe é fún wa!

Pọ́ọ̀lù náà, nínú túbú, ránṣẹ́ sí Tímótì kó bá òun mú ìwé àti aṣọ òtútù wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọṣẹ àti gààrí kún Bíbélì tiwa.